Yíyan Ètò Ẹ̀kọ́ Onígbàgbọ́ fún Àwọn Ọmọ tí Ọjọ́ Orí Wọn Kò Dọ́gba: Àyẹ̀wò Ilé-ìwé Inú Ilé ní Amẹ́ríkà

Ìfáárà

Kì í ṣe ohun tuntun mọ́ pé àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní Amẹ́ríkà, irú àwọn tí wọ́n wà ní àyíká Houston ní ìpínlẹ̀ Texas tàbí ní ìpínlẹ̀ Maryland, a máa bèèrè lọ́wọ́ àwa olùkọ́ èdè nípa ìwé tí ó yẹ fún àwọn ọmọ wọn. Ìbéèrè àwọn kan nínú wọn wá yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò fi ọmọ sí ilé-ìwé rárá. Inú ilé ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí gbogbo ẹ̀kọ́ náà dúró lórí ìgbàgbọ́ Kírísítì. Ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó wà nílẹ̀. Èyí àgbà ti ń múra àtilọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, èyí àbíkẹ́yìn kò tí ì mọ A yàtọ̀ sí B, ìyá kan ṣoṣo sì ni olùkọ́ gbogbo wọn. Ètò ẹ̀kọ́ wo ni kí wọ́n rà? Níbo sì ni Yorùbá yóò wọ̀ nínú rẹ̀?

Ó ti mọ́ wa lára láti dáhùn apá kejì ìbéèrè yìí láìbìkítà fún apá kìíní. A ó dárúkọ ìwé Yorùbá méjì tàbí mẹ́ta, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí a dárúkọ ìwé fún lè má ní wákàtí kan ṣoṣo tí yóò fi kọ́ wọn ní ìwé náà, nítorí pé ètò tí ó ti rà tẹ́lẹ̀ ti gba gbogbo ọjọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí àwọn ètò ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ ti Amẹ́ríkà ṣe rí, kí a sì fi hàn pé ohun tí ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ wò kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ ìwé, bí kò ṣe ọ̀nà tí ètò náà gbà bójú tó àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba. Ibẹ̀ ni àyè fún Yorùbá ti ń yọ, tàbí tí ó ti ń dí.

Kí a tó máa bá iṣẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ kan wà nípa orúkọ. Àwọn kan ń pe irú ẹ̀kọ́ yìí ní 'ẹ̀kọ́ ilé'. A kò fara mọ́ ọn. Ẹ̀kọ́ ilé ni ọmọ fi ń mọ bí a ṣe ń kí àgbà, tí ó fi ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Ẹni tí ó gba oyè ìjìnlẹ̀ lè má ní in. 'Ilé-ìwé inú ilé' ni a ó máa lò níhìn-ín.

Bí Ó Ṣe Fẹsẹ̀ Múlẹ̀

Ní 1975, Raymond Moore àti Dorothy ìyàwó rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde tí ó sọ pé kò yẹ kí a máa kánjú gbé ọmọ kékeré lọ sí ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ òbí onígbàgbọ́ gba ọ̀rọ̀ wọn. John Holt, tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò ti inú ẹ̀sìn wá, tẹ ìwé Teach Your Own jáde ní 1981. Ní 1983 ni a dá ẹgbẹ́ amòfin tí ń gbèjà irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí HSLDA. Nígbà tí ó fi máa di 1993, kò sí èyí tí ilé-ìwé inú ilé kò bófin mu nínú àwọn ìpínlẹ̀ 50. Àrùn kòrónà wá sọ ọ́ di púpọ̀ sí i: ìwádìí ilé-iṣẹ́ ìkànìyàn Amẹ́ríkà fi hàn pé láàrin oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá ọdún 2020, ìdílé aláwọ̀ dúdú tí ó ń kọ́ ọmọ nínú ilé fò láti 3.3 sí 16.1 nínú ọgọ́rùn-ún.

Òfin kò rí bákan náà káàkiri. Ní Texas, lẹ́yìn ẹjọ́ Leeper tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ìpínlẹ̀ náà dá ní 1994, ohun tí a ń bèèrè kò ju pé kí òbí ní ètò gidi fún ìwé kíkà, sípẹ́lì, gírámà, ìṣirò àti ìwà ọmọ orílẹ̀-èdè rere. Ní Maryland, òbí yóò kó iṣẹ́ ọmọ jọ fún àyẹ̀wò, tàbí kí ó wà lábẹ́ àbójútó ìjọ tàbí ilé-ìwé tí òfin fọwọ́ sí. New York ni ó le jù nínú àwọn tí a dárúkọ yìí: ètò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìròyìn lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, àti àyẹ̀wò ní ìparí ọdún. Ẹni tí ó bá ń gbé níbẹ̀ lè kọ́ ọmọ mẹ́rin ní ìtàn pọ̀ lórí tábìlì kan, ṣùgbọ́n ìròyìn mẹ́rin ni yóò kọ.

Ètò Mẹ́ta, Ìwà Mẹ́ta

Ìwé onígbàgbọ́ tí a ń tà fún ilé-ìwé inú ilé pọ̀ bí eṣú, ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba wò wọ́n, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín sí.

Èkíní ni èyí tí a ṣe ní kíláàsì-kíláàsì. Abeka ni gbogbo ènìyàn mọ̀ jù nínú wọn. Pensacola ní ìpínlẹ̀ Florida ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1972, ara orúkọ Beka Horton, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀, ni a sì ti mú orúkọ náà. BJU Press tí ó wà ní Greenville, South Carolina, wà nínú ẹ̀yà yìí pẹ̀lú. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ìwé kíkà tirẹ̀, ìṣirò tirẹ̀, ìtàn tirẹ̀, Bíbélì tirẹ̀, pẹ̀lú ìwé olùkọ́ tí ó sọ ohun tí a ó ṣe lójoojúmọ́. Iṣẹ́ náà dára. Olùkọ́ tí ó bá wo bí Abeka ṣe ń fi ìró lẹ́tà kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà yóò gbà pé ẹni tí ó ṣe é mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú kíláàsì gidi ni a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbi tí olùkọ́ kan dúró níwájú ọmọ ẹgbẹ́ kan náà. Gbé e wọ ilé tí ọmọ mẹ́rin wà ní kíláàsì mẹ́rin. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ní iṣẹ́ mẹ́fà lóòjọ́, ẹ̀kọ́ 24 ni èyíinì. Bí ìyá bá fi ogún ìṣẹ́jú péré dúró ti ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́jọ ti lọ, kò sì tí ì gbé ìkòkò kaná. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìyá fi ń rẹ̀ kí ọdún tó dé àárín, tí wọ́n á sì rò pé àwọn ni àwọn kò kúnjú ìwọ̀n. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Iṣẹ́ olùkọ́ mẹ́rin ni wọ́n rà.

Èkejì ni èyí tí ọmọ ń dá kọ́ ara rẹ̀. Accelerated Christian Education, tí a ń pè ní ACE, ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Donald Howard ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Texas ní 1970, àwọn ilé-ìwé aládàáni kan sì ń lò ó níhìn-ín ní Nàìjíríà. Ìwé pẹlẹbẹ tí a ń pè ní PACE ni a fi ń ṣe é, méjìlá fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ọmọ yóò kà á fúnra rẹ̀, yóò dáhùn ìbéèrè inú rẹ̀, yóò lọ fi ìwé ìdáhùn yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ni yóò wá ṣe ìdánwò kí ó tó bọ́ sí òmíràn. Ọmọ márùn-ún lè jókòó sínú yàrá kan náà, kí ohun tí wọ́n ń ṣe má jọra rárá. Ohun kan tí ó tún dára níbẹ̀ ni pé a máa ń ṣe àyẹ̀wò kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀, kí a lè mọ ibi tí ó kù sí; ọmọ kan náà lè wà ní ipele kẹrin nínú gírámà, kí ó wà ní ipele kẹfà nínú ìṣirò, kò sì sí ẹni tí yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, a ní ohun tí a kò fẹ́ nínú rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ pọ̀ jù. Iṣẹ́ márùn-ún fún ọmọ kan jẹ́ ìwé pẹlẹbẹ 60 lọ́dún, àwọn ìbéèrè inú wọn tí ìdáhùn rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ sì pọ̀. Ọmọ lè fi bẹ́ẹ̀ gba máàkì gidi láti oṣù kìíní títí dé ìkejìlá láìjẹ́ pé ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó kà fún ẹnikẹ́ni. Àwa tí a ti jókòó níwájú ọmọ tí ń ṣe ìdánwò alohùn mọ ohun tí èyí ń dá sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí gbogbo ìdílé jọ ń ṣe. Gbòǹgbò rẹ̀ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dọ̀ Charlotte Mason (1842–1923), olùkọ́ tí ó sọ pé kí a máa ka ìwé tí ó ní láárí fún ọmọ, kí ọmọ sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó gbọ́ padà láìsí pé a ń yọ ìbéèrè sí i. Gbòǹgbò kejì ni ti àwọn tí wọ́n fẹ́ dá ọ̀nà ìkọ́ni àtijọ́ ti Gíríìkì àti Róòmù padà. Ìwé The Well-Trained Mind, tí Jessie Wise àti ọmọ rẹ̀ Susan Wise Bauer kọ ní 1999, la ìtàn ayé sí ọdún mẹ́rin-mẹ́rin tí a ó máa yí po. Lára àwọn ètò onígbàgbọ́ tí ó wà ní ọ̀nà yìí ni Sonlight tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1990, Tapestry of Grace tí ń yí po ní ọdún mẹ́rin, àti My Father's World tí ń yí po ní ọdún márùn-ún. Bí ọdún yìí bá jẹ́ ọdún Íjíbítì, ti gbogbo ilé ni. Èyí kékeré yóò ya àwòrán odò Náílì, ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò kọ ìpínrọ̀ kan, èyí tí ó ti di ọ̀dọ́ yóò ka ìwé ńlá tí yóò sì jiyàn lé e lórí.

Òbí a máa bẹ̀rù pé ọmọ tí ó bọ́ sínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ní àárín yóò pàdánù ìbẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Róòmù ní ọdún mẹ́fà yóò pàdé Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án, nígbà tí òye rẹ̀ tilẹ̀ ti pọ̀ sí i. Ohun tí ó nira nínú ọ̀nà yìí ni pé ìyá ni yóò kàwé sókè ketekete, òun náà ni yóò sì múra sílẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa ti ń ṣe, gbọ́dọ̀ ro èyí dáadáa kí ó tó sanwó.

Àlọ́ àti Ayò

Nínú ilé wa, a ti mọ ìyàtọ̀ tí a fẹ́ fà yọ yìí tipẹ́. Bí ìyá-àgbà bá ń pa àlọ́ Ìjàpá, kì í pín àwọn ọmọ sí kíláàsì. Èyí tí kò tí ì ju ọdún mẹ́ta lọ yóò máa gbe orin, èyí tí ó jù ú lọ yóò máa retí ibi tí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ Ìjàpá yóò ti tú, èyí àgbà ń gbọ́ ohun tí a kò sọ jáde nínú rẹ̀, òun ni yóò sì pa á fún àwọn àbúrò lọ́la. Àlọ́ kan náà ni. Ṣùgbọ́n gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀, pẹ̀lú ihò méjìlá àti ọmọ ayò 48, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹni tí kò mọ kíkà kò lè bá ẹni tí ó ti ń ṣírò ihò mẹ́ta síwájú ta. Ọ̀ta ń wá ọ̀ta ẹgbẹ́ rẹ̀. Òpè yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ níbi tí ó wà.

Àwọn iṣẹ́ tí ó dà bí àlọ́ ni Bíbélì, ìtàn, ìmọ̀ ilẹ̀ ayé, sáyẹ́ǹsì títí ọmọ yóò fi tó nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá, orin, àti ìwé ìtàn tí a ń kà sókè. Àwọn tí ó dà bí ayò kò ju méjì lọ: ìṣirò, àti bí ọmọ ṣe ń kọ́kọ́ mọ̀wé kà. Àṣìṣe tí ó gba owó lọ jù ni kí òbí ra àlọ́ mẹ́rin fún ọmọ mẹ́rin. Ekeji rẹ̀ ni kí ó fẹ́ kí gbogbo wọn jọ ta ayò kan.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìdílé kan bí àpẹẹrẹ, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 5, 8, 10 àti 14. Ní òwúrọ̀, gbogbo wọn jókòó ti Bíbélì àti ìtàn fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ọmọ ọdún 14 bọ́ sídìí iṣẹ́ tirẹ̀. Ti òun yàtọ̀, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga yóò bèèrè àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, yóò sì fẹ́ rí i pé ó ṣe sáyẹ́ǹsì tí a ń fi ọwọ́ ṣe. Bí ètò irú ti Abeka tàbí ACE yóò bá wúlò nínú ilé yìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún 8 àti 10 lè jọ ṣe gírámà kan náà. Ọdún méjì kò tó ohun tí a ń ra ìwé ọ̀tọ̀ lé lórí. Ìṣirò wọn kì yóò pa pọ̀, a sì gbọ́dọ̀ mọ irú ọmọ tí ó jẹ́: ìwé Saxon a máa fi ohun tuntun díẹ̀díẹ̀ kún ohun àtijọ́, yóò sì máa pa dà sí i lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n Math-U-See á dúró lórí ohun kan ṣoṣo títí ọmọ yóò fi mọ̀ ọ́n tán. Ọmọ tí ó máa ń gbàgbé nílò ti àkọ́kọ́. Èyí tí ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa ń dà lọ́kàn rú nílò ti èkejì. Ọmọ ọdún 5 kò nílò ju kí a fi ìró lẹ́tà kọ́ ọ ní ìwé kíkà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó sì ka ohun tí ó wà nínú ilé.

Kí a má fi ọjọ́ orí ra ìwé. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní ìdánwò tí a fi ń mọ ipele ọmọ, ọ̀fẹ́ sì ni èyí tí ó pọ̀ nínú wọn. Kí a sì ya ìwé tí a ń kà sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé tí a ń kọ nǹkan sínú rẹ̀: ti àkọ́kọ́ yóò kọjá láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n sí àbúrò, ti èkejì di títún rà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ìgbàgbọ́ Ta Ni?

Ọ̀rọ̀ náà 'onígbàgbọ́' tí a kọ sí ẹ̀yìn ìwé kò tó. Abeka àti BJU Press ti àárín àwọn Onítẹ̀bọmi aládàádúró àti àwọn tí ọwọ́ wọn le nípa ìtumọ̀ Bíbélì jáde. Ìwé sáyẹ́ǹsì wọn gbà pé ọjọ́ mẹ́fà gan-an ni a fi dá ayé. Ìdílé Àgùdà ní tiwọn, irú Seton tí a dá sílẹ̀ ní Virginia ní 1980. Kí ìdílé Áńgílíkà tàbí ti Aládùúrà ka ìwé ìtàn ìjọ inú ètò kan tán kí wọ́n tó fi lé ọmọ lọ́wọ́, kí ọmọ má baà kọ́ nínú ìwé pé àṣìṣe ni ohun tí bàbá rẹ̀ ń ṣe ní ọjọ́ ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà wà níbẹ̀. Yunifásítì Bob Jones, tí BJU Press ti jáde, kò gba akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kankan títí di 1971. Òfin tí ó ka ìfẹ́ láàrin aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun léèwọ̀ ni ó gbé e dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà, tí ó sì jẹ̀bi ní 1983, kò sì pa òfin náà rẹ́ àfi ní 2000. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ìwé wọn. Ohun tí a sọ ni pé kí òbí kọ́kọ́ ṣí ojú ewé tí ó sọ̀rọ̀ nípa òwò ẹrú àti nípa Áfíríkà, nínú ètò yòówù tí ó bá fẹ́ rà. Nínú irú ìwé wọ̀nyí, àwọn aláwọ̀ funfun bíi Mary Slessor ní Calabar ni a sábà máa ń rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mú ìhìn rere dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ìtàn bá dé ọ̀rúndún kọkàndínlógún, gbogbo ọmọ inú ilé lè jọ gbọ́ nípa Àjàyí Crowther: a mú un lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, a gbà á sílẹ̀ lórí omi ní 1822, a fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Àlọ́ ni èyí, kì í ṣe ayò.

Ibi tí Yorùbá Wọ̀

Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ ni ó dáhùn ìbéèrè kejì. Yorùbá kì í ṣe iṣẹ́ karùndínlọ́gbọ̀n tí a ó tò lé ẹ̀kọ́ 24. Lórí tábìlì àjọjókòó ni àyè rẹ̀ wà. Òbí tí ó ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò fa ọmọ sẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ yòókù, kí a rán an létí iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970. Àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò kẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Bíbélì ni ìwé Yorùbá tí ó sábà máa ń wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni a ní láti ṣọ́ra. Odidi Bíbélì Yorùbá ti wà láti 1884, àkọtọ́ àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ìdílé sì ń kà nínú rẹ̀: 'enia', 'aiye', 'nwọn', 'ẹiyẹ'. Àmì ohùn kò tó nǹkan. Ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá láti inú oyún yóò kà á já. Ọmọ tí a bí ní Houston yóò kàn máa fọ̀n ọ́n bí Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ òde-òní wà, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni màmá-àgbà ń kà lórí fóònù ní àkókò àdúrà. A kò lè yọ ọ́ kúrò nínú ilé. Ohun mìíràn tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ òbí ni pé 'ìwọ' ni ọmọ ń pe bàbá rẹ̀ nínú ìtumọ̀ yẹn. Ọmọ tí kò ní ibòmíràn tí ó ti ń gbọ́ Yorùbá yóò gbé 'ìwọ' lọ bá àgbà, a ó sì ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Bí òbí bá wá ní kí a bá òun dán àwọn ọmọ wò, àyọkà kan tó. Ẹ jẹ́ kí a mú ìtàn Jósẹ́fù àti àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 37. Ọmọ ọdún 5 yóò tọ́ka sí aṣọ, ẹran àti kòtò nínú àwòrán, yóò sì pè wọ́n pẹ̀lú ohùn tí ó tọ́. Ọmọ ọdún 8 yóò sọ ìtàn náà padà láìwo ìwé. Ọmọ ọdún 10 ni a ó bi léèrè pé nínú àwọn ọmọ Jékọ́bù, ta ni ẹ̀gbọ́n Jósẹ́fù, ta sì ni àbúrò rẹ̀, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kò bi í léèrè irú rẹ̀ rí. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé Bẹ́ńjámínì nìkan ni àbúrò ti ní òye ohun tí ó ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Ọmọ ọdún 14 yóò tún ẹsẹ mẹ́wàá kọ ní àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, pẹ̀lú àmì ohùn, yóò sì kọ ohun tí Jósẹ́fù ìbá sọ fún Rúbẹ́nì bí ó bá jẹ́ ilé Yorùbá ni wọ́n gbé dàgbà. Ní tiwa, a kì í yọ máàkì bí ọmọ bá ka 'enia' bí ó ṣe rí nínú Bíbélì. Bí ó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ tirẹ̀, a ó yọ ọ́, a ó sì kọ 'ènìyàn' sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ 'ìwọ' sí Rúbẹ́nì, máàkì ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré sí ti àkọtọ́.